Ojoojúmọ́ Kò Ní Kan Bàbá Mi Lára

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀tá ṣe ń wọ ilé ènìyàn láìkan ilẹ̀kùn, èmi ni kí ẹ bi. Inú ọ̀rá aláwọ̀ eérú ló gbà wọ ilé tiwa. Àbúrò mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Nọ́ọ̀sì torí iṣẹ́ tó ń ṣe, ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọlé, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ kàn án wò," ó ní. "Ẹ wo bó ṣe rọ̀."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó rọ̀ lóòótọ́. Inú bí mi.

Orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà náà gùn, kò sí ẹni tó ń pè é tán. Ojoojúmọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé aṣọ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kì í ṣe ti òde, kì í ṣe ti ijó, aṣọ tí ènìyàn kàn ń wọ̀ lójoojúmọ́ ni: ẹ̀wù lásán, ṣòkòtò lásán, síńgílẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀sẹ̀. Kò ní òdòdó, kò ní ìlà, kò ní ohunkóhun tí ojú lè dúró lé. Dúdú, funfun, eérú, àti búlúù kan tó ṣá bíi pé ó ti ṣàìsàn rí. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń dun èmi, nítorí owó tí wọ́n ń gbà lórí odindi ẹ̀wù kan kò tó èyí tí mo fi ń ra aṣọ tí màá fi rán tèmi, ká má tíì sọ òwú àti bọ́tìnì.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Bàbá mi ló kọ́ mi. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́n: tábìlì gígùn tí a fi ń gé aṣọ, maṣíìnì méjì tó kọjú síra, áyọ́ọ̀nù, àti àga onígi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Maṣíìnì apá ọ̀tún ni ti Bàbá, títí nǹkan funfun kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú rẹ̀. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji ènìyàn, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó ni òjìji mọ́. Ló bá kúrò nídìí maṣíìnì, ó kó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń fi etí àti ọwọ́ ṣọ́ mi.

Kọ́là líle ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ ilé wa. Ìlọ́po méjì gọ́ọ̀mù, aṣọ líle tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú kọ́là, la máa ń fi sí i, a ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le bíi páálí, a ó wá fi maṣíìnì rán an yí ká. Kọ́là tiwa kì í tẹ̀, ì báà ṣe òjò, ì báà ṣe òógùn. Ọkùnrin tó bá wọ̀ ọ́ kò ní lè wolẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ gbèsè. Bàbá kò wọ irú ẹ̀wù mìíràn rí lójú mi, èmi náà kò sì rán irú mìíràn fún un láti ọjọ́ tí aṣọ rẹ̀ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Nǹkan kan tún wà tí Ojoojúmọ́ bà jẹ́ fún wa. Látìgbà tí ojú Bàbá ti ṣú, bí ènìyàn bá wọlé, á na ọwọ́, á fi ìka méjì di etí ọwọ́ ẹ̀wù onítọ̀hún mú, á fọwọ́ pa á díẹ̀, á sì pe orúkọ rẹ̀. Òun tàbí èmi la rán aṣọ gbogbo wa, kò sí bí kò ṣe ní mọ̀ wá. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì àti Oníwáyà, àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ iná, wá kó sínú aṣọ kan náà, Bàbá á di ọwọ́ ẹ̀wù mú, á fọwọ́ pa á títí, á ní, "Ta nìyí nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Èmi nìkan ló kù tí kò ní ṣì mú. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn, ẹ má jẹ́ kí n parọ́.

Àríyànjiyàn wá di oúnjẹ wa. Oníwáyà á ti ibi iṣẹ́ dé, á na ẹsẹ̀ sórí àkéte, á máa yin ẹ̀wù.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti fi èyí gun òpó, mo ti fi wọ inú àjà, mo ti fi sùn. Kò ya. Èyí tí ẹ rán fún mi lọ́jọ́sí ńkọ́? Abẹ́ apá rẹ̀ ló bẹ́ ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè."

"Ta ló ní kí o na ọwọ́ sókè?"

"Iná ni mò ń ṣe, Ẹ̀gbọ́n. Òkè ni iná wà."

Nọ́ọ̀sì náà á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Tirẹ̀ ni pé kò sí ohun tó ń jẹ́ áyọ́ọ̀nù nínú ọ̀rọ̀ náà. Bó bá fọ̀ ọ́, á nà án sórí okùn, ó parí. Mo sọ fún un pé ọ̀lẹ ni ẹ̀wù yẹn ń tọ́ dàgbà. Ó ní kí n wá bá òun dúró lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nílé ìwòsàn, kí n tó máa pe ènìyàn ní ọ̀lẹ.

"Ẹ wo ara yín," mo ní. "Bí ẹ bá dúró pọ̀, ẹ dà bíi sààdíìnì inú agolo kan náà. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo gbá obìnrin kan lẹ́yìn níbùdókọ̀, mo ní 'Nọ́ọ̀sì, o ò kí mi kí o tó jáde'? Ó yíjú padà, ó tó ìyá wa lọ́jọ́ orí. Ẹ̀wù ló jọra."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo kúnlẹ̀, kí ni mo fẹ́ ṣe?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú Oníwáyà. Èmi kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Mo pa òwe fún wọn pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ní tiwọn tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò ní ní àkísà láéláé, torí bí aṣọ wọn bá gbó, jíjù ni wọ́n ń jù ú nù. Oníwáyà ní bí òun bá fẹ́ àkísà, òun á lọ rà á ní Ojoojúmọ́.

Àwọn oníbàárà mi gan-an kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Tíṣà tó ń gbé ní òdìkejì òpópónà, tí mo ti ń rán ṣòkòtò fún láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú, wọlé wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọ̀rá aláwọ̀ eérú lábẹ́ apá. Ṣòkòtò Ojoojúmọ́ ló rà, ó gùn jù, kí n bá òun gé e.

"Irú rẹ̀ méje ni mo ní," ó ní, bíi pé ó ń ròyìn ọmọ. "Bí mo bá jí, n kì í ronú. Èyí tí ọwọ́ mi bá ti bà ni mo máa wọ̀."

"Tíṣà tí kì í ronú láàárọ̀," mo ní, "ìgbà wo ló máa wá ronú?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Mo gé ṣòkòtò náà fún un. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé mo wá di ẹni tó ń ká etí aṣọ fún ọ̀tá. Nígbà tí kò sí ẹnì kankan nílé, mo yí ọ̀kan nínú ẹ̀wù Nọ́ọ̀sì sódì, mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀, mo ń wá àléébù. Mo wá òwú tó ré, mo wá ìrán tó wọ́, mo wá etí tí wọn ò ká dáadáa. N kò rí nǹkan kan. Mo ká a padà bí mo ṣe bá a, mo sì fi ìbínú ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìgbà tí dókítà ojú dá ọjọ́ tí wọ́n máa yọ nǹkan funfun náà kúrò lójú Bàbá ni ìjà gidi bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló pè wá jọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní Bàbá máa nílò ẹ̀wù tó rọ̀, tó ṣí níwájú, tí kò ní fún wọn lọ́rùn, nítorí wọn ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ fipá fa ohunkóhun gba orí. Ó ní irú rẹ̀ wà ní Ojoojúmọ́, òun ti rí i, òun á rà á.

Kò tíì sọ ọ́ tán tí mo fi dìde.

"Gbọ́ mi dáadáa. Níwọ̀n ìgbà tí mo ṣì ní ọwọ́ méjì, Ojoojúmọ́ kò ní kan bàbá mi lára."

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ìlera ni mò ń sọ."

"Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni èmi ń sọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi, torí n kò sọ ọ́ fún wọn. Láti ìgbà tí ojú Bàbá ti ṣú, kò tíì fi ojú rí iṣẹ́ ọwọ́ mi kankan. Gbogbo ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn tó kúrò nídìí maṣíìnì, gbogbo bí ọwọ́ mi ṣe wá mọ́, gbígbọ́ ló ń gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú rẹ̀, tó bá wolẹ̀ wo ara rẹ̀, iṣẹ́ mi ni yóò rí. N kò bèèrè ju ìyẹn lọ lọ́wọ́ ayé.

"Ẹ jẹ́ ká bi Bàbá," Oníwáyà ní.

Gbogbo wa yíjú sí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo lọ dúró síwájú rẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

"Aṣọ tí Àkọ́bí bá rán fún mi ni mo máa wọ̀," ó ní.

Mo pàtẹ́wọ́. N kò jẹ́ kí etí wọn sinmi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Bí Nọ́ọ̀sì bá fẹ́ bu omi, màá ní, "Ṣé o gbọ́ ohun tí Bàbá sọ?" Bí Oníwáyà bá ń wá bàtà rẹ̀, màá ní, "Àkọ́bí ló pè mí o, kò pe ilé ìtajà kankan." Wọ́n kàn ń wo ara wọn. Mo rò pé ojú ló ń tì wọ́n.

Mo ra aṣọ funfun tó dára, mo gé e, mo ṣe kọ́là tí n kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ọ̀sán ọjọ́ tó yẹ kí n ká etí rẹ̀, mo fẹ́ fún maṣíìnì lóróró, ni ìgò òróró bá yí, ó dà sí mi láyà títí dé itan. Mo fò sẹ́yìn kí ó má baà kan aṣọ funfun náà. Mo bọ́ kaba mi, mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé láti mú òmíràn lórí okùn. Gbogbo tèmi ṣì tutù. Ohun kan ṣoṣo tó gbẹ níbẹ̀ ni ẹ̀wù eérú Nọ́ọ̀sì, ti Ojoojúmọ́, èyí tó gùn dé orúnkún.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo wọ̀ ọ́. Ó bá mi lára mu bíi pé wọ́n wọn ara mi kí wọ́n tó rán an. Ìyẹn náà tún bí mi nínú.

Mo gbé iṣẹ́ mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá nídìí fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀. Ó ń tòògbé. Mo fi píìnì há ẹnu bí aránṣọ ṣe máa ń ṣe, mò ń fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń fi wọ́n so etí aṣọ tí mo ká. Nígbà tó yá, ó mí kanlẹ̀, ó jí, ó na ọwọ́. Ìka rẹ̀ méjèèjì di etí ọwọ́ ẹ̀wù mi mú.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní. "O ti dé."

"Ùn," mo ní, torí píìnì. Mo fẹ́ yọ wọ́n kí n ní èmi ni, ṣùgbọ́n ó ti ń bọ́rọ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ti jáde, àbí? N kò gbọ́ ìró maṣíìnì." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bá mi tú bọ́tìnì òkè yìí. Kọ́là yìí ti ń gé mi lọ́rùn láti àárọ̀."

Ọwọ́ mi ló tú bọ́tìnì náà, n kò mọ ìgbà tí mo nà án. Abẹ́ kọ́là, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kì í dé, awọ ọrùn bàbá mi ti bó, ó pọ́n, ìpara funfun kan wà lórí rẹ̀ tí kì í ṣe èmi ni mo fi pa á.

"Ṣé o rí i?" ó ní. "Èyí tí o rà fún mi, tí mo fi ń sùn, ó ti dọ̀tí. Abẹ́ ìrọ̀rí ló wà. Bá mi fọ̀ ọ́ kí Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wọlé, tàbí kí o kúkú bá mi ra òmíràn. Òun nìkan ni mo fi ń sinmi."

Mo tẹjú mọ́ ọn.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé ò ń wò mí. Nígbà tí ẹ bi mí lọ́jọ́ yẹn, kí ni kí n sọ? Ó dúró síwájú mi, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Bí mo bá ní mi ò fẹ́, ṣé ilé yìí á gbà wá?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó ti ń dá sọ ọ̀rọ̀ náà fún ara rẹ̀ tipẹ́. "Èmi ni mo kọ́ Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kọ́là líle. N kò lẹ́nu láti ráhùn. Ṣùgbọ́n ọrùn ẹlòmíràn ni mò ń rán an fún nígbà yẹn."

Ó gbé orí padà sára àga, ó tún sùn lọ. Píìnì kan ti gún mi ní ètè, mo sì ti ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò kí n tó mọ̀. Mo dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, mo wọ yàrá rẹ̀, mo gbé ìrọ̀rí. Ẹ̀wù eérú kan wà níbẹ̀, wọ́n ká a pẹlẹbẹ. Ó ń rùn bí ara Bàbá, ó sì ti pẹ́ tó ti ń rùn bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí a ní kó wá fẹ́ni lójú, ó fi ata sẹ́nu. Mo dúró de Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀wù náà lọ́wọ́ mi. Bó ṣe rí i, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Kò gbìyànjú láti purọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá sọ fún yín, kí lẹ máa ṣe?"

"Màá gbọ́ ọ!"

"Ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan rí láìkọ́kọ́ pariwo lé e lórí. Ẹ̀ ń pariwo báyìí."

"N kò pariwo!"

A gbọ́ tí Tíṣà ṣí fèrèsé rẹ̀ ní òdìkejì òpópónà láti fetí sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo rẹ ohùn sílẹ̀. Mo bi í pé ta ló ń fi ìpara pa Bàbá lọ́rùn. Ó ní Oníwáyà ni, ṣebí òun ló ń wẹ̀ wọ́n láàárọ̀. Ó ní Bàbá ló bẹ àwọn pé kí àwọn má sọ.

"Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀ ń fi ṣe ayọ̀ nìyẹn," Nọ́ọ̀sì ní. "Wọ́n ní kí á jẹ́ kí ẹ ní in."

Ká ní ó gbá mi létí ni, ìbá sàn. Odindi ilé ló ti di onífàyàwọ́ ẹ̀wù, tí bàbá mi àgbàlagbà ń fi aṣọ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí bí ọmọ tó jí súgà, èmi ni gbogbo wọn sì ń sá fún. Inú bí mi sí wọn pé wọ́n fi mí ṣe òmùgọ̀. Inú bí mi sí ara mi pé mo rọrùn láti fi ṣe é. Mo ní kí Nọ́ọ̀sì má sọ fún Bàbá pé mo ti mọ̀, mo sì wọlé.

Mo ká aṣọ funfun oníkọ́là náà, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Aṣọ òwú kan wà níbẹ̀, fífẹ́lẹ́, rírọ̀, tí mo tọ́jú fún àwọn tó bá fẹ́ rán aṣọ ọmọ ìkókó. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo tún un fọ̀ kí ó tún lè rọ̀ sí i. Irọ́ ni màá pa bí mo bá ní n kò fi ẹ̀wù abẹ́ ìrọ̀rí wọn ọrùn rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo wò ó bí ẹni ń wo oníwọ̀sí, mo sì wọn ọ́n. N kò fi kọ́là sí tèmi. N kò fi gọ́ọ̀mù sí ibì kankan. Mo ká ìrán ọrùn síta dípò inú, kí ohunkóhun má baà ha á, mo sì fi bọ́tìnì ńláńlá sí iwájú kí ọwọ́ rẹ̀ lè rí wọn fúnra rẹ̀. Ìbínú ni mo fi rán an láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹsẹ̀ mi ń tẹ maṣíìnì náà bíi pé ó jẹ mí ní nǹkan.

Ní ọjọ́ tí a máa lọ, mo gbé e fún Oníwáyà pé kí ó wọ̀ ọ́ fún Bàbá, kí ó má sọ ẹni tó rán an. Mo fẹ́ kí ọwọ́ Bàbá sọ ọ́. Kò sí iṣẹ́ mi tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ rí.

Ilé ìwòsàn ojú kún. Àga gígùn kan la jókòó sí nínú ọ̀nà àbákọjá, tí òórùn oògùn ìfọlẹ̀ ń sọ lára ògiri. Bí mo ṣe wo ìlà àwọn tó jókòó, eérú, dúdú, eérú, búlúù. Mo gbé ojú kúrò. Nọ́ọ̀sì jókòó ti Bàbá lápá ọ̀tún, èmi wà lókèèrè díẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe Nọ́ọ̀sì wọlé kó wá bá dókítà sọ̀rọ̀, ó ṣẹ́jú sí mi, mo sì bọ́ sí àyè rẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Bàbá ń fọwọ́ pa àyà ẹ̀wù náà. Ó fọwọ́ tọ ọrùn rẹ̀ yí ká. Ó yí orí sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó tún gbé e sókè wo àjà tí kò rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i tó yí ọrùn báyẹn. Mò ń retí kí ó pe Àkọ́bí.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "O ṣeun, ọmọ mi. Èyí tilẹ̀ dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn Ojoojúmọ́ yìí mọṣẹ́ o."

Ẹ gbọ́ mi. Èmi ni mo gé e. Èmi ni mo rán an. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n fi ń yin ọ̀tá mi sí mi létí. Mo fẹ́ dìde kí n pariwo kí gbogbo àwọn eléérú tó wà lórí àga náà gbọ́.

"Bàbá," mo ní, "èmi ni."

Ọwọ́ rẹ̀ fò lọ sí ọrùn. Ó ń wá bọ́tìnì tó máa dè, ìka rẹ̀ ń sáré níbi tí kò sí nǹkan kan.

"Ah. Àkọ́bí. Ìwọ ni." Ọ̀rọ̀ ń já lu ara wọn lẹ́nu rẹ̀. "Má bínú, tìrẹ wà nínú báàgì. Tìrẹ ni mo máa wọ̀ jáde. Wọ́n ní oògùn lè ta sí i, ni mo ṣe ní kí wọ́n wọ aṣọ yẹpẹrẹ yìí fún mi. N kò fẹ́ kí tìrẹ dọ̀tí ni. Tìrẹ ni mo máa wọ̀ jáde."

Bàbá mi, tó máa ń wo ìrán mi tẹ́lẹ̀, bó bá wọ́, á fà á ya láìsọ̀rọ̀. Ó ń bẹ̀rù mi. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí wá.

"Tèmi lẹ wọ̀, Bàbá," mo ní. "Èmi ni mo rán an."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ìrán, láti èjìká dé àyà, láti àyà padà sí ọrùn.

"Kò ní kọ́là," ó ní.

"Kò ní."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀yin ni. Lọ́jọ́ tí ẹ rò pé Nọ́ọ̀sì ló jókòó tì yín."

Ó tẹ orí ba. Wọ́n pe orúkọ ẹlòmíràn, onítọ̀hún dìde, ó kọjá lọ níwájú wa. Bàbá kò gbé orí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré débi pé mo ní láti tẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ṣé inú ń bí ọ?"

Inú ń bí mi. Ó ń bí mi sí Bàbá, ó ń bí mi sí àwọn àbúrò mi, ó ń bí mi sí ilé ìtajà tó mọ ohun tó tu bàbá mi lára kí èmi tó mọ̀ ọ́n. N kò lè purọ́ fún un lórí ìyẹn, irọ́ ti tó nílé wa.

"Inú ń bí mi, Bàbá," mo ní. "Ẹ jẹ́ kó máa bí mi. Ẹ ṣáà gbé ọwọ́ kúrò lọ́rùn yín."

Kò gbé e kúrò. Ọwọ́ náà ṣì bo ọrùn rẹ̀ níbi tí kọ́là ìbá wà. Èmi ni mo dì í mú, tí mo bá a gbé e sọ̀kalẹ̀ sórí itan rẹ̀.